Ọṣẹ Kan Náà, Irun Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ á kọ́kọ́ wo irùngbọ̀n mi, á rí i pé ewú kan ò tíì sí níbẹ̀, á wá rẹ́rìn-ín. Mi ò kì í bá wọn jà. Mi ò tíì pé ogójì ọdún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ju ìwé sílẹ̀ ni mo ti ń fá irùngbọ̀n fún àwọn èèyàn ní Forestville, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo mọ̀, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, tí kò sì lè padà sídìí rẹ̀ mọ́, kí ni wọ́n tún ń pè ní ìfẹ̀yìntì?

Mò ń kọ èyí nítorí àwọn ọmọ tó máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á ní, "Brọ̀dá Dáyọ̀, ṣé iṣẹ́ bábà dáa àbí ká lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bí mọ́mì ṣe ń wí?" Èmi ò kàwé tó ẹni tí í gba ọmọ ẹlòmíì nímọ̀ràn. Ọṣẹ, omi, irun, àti awọ ojú èèyàn, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn, kí ẹ fúnra yín wò ó.

Bàbá mi ló mú mi wá sí Maryland, ìpínlẹ̀ tí Forestville wà. Clinton là ń gbé, nítòsí títì ńlá Route 5. Ilé-ìwé ò bá mi lára mu, bàbá mi rí i, kò sì lù mí. Ó kàn mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin ará Ìbàdàn kan tó ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ilé ìfọṣọ àti ilé tí wọ́n ti ń ta apá adìẹ díndín. Bàbá Ṣàkírù ni à ń pè é. Owó tó ń san fún mi kò ní ìtàn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlòmíì, ẹ̀rọ kílípà ló ń ké níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tiwa dákẹ́. Fífá irùngbọ̀n ni iṣẹ́ tiwa: aṣọ ìnura gbígbóná lójú, ọṣẹ líle nínú abọ́ onígi, búrọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà abẹ. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, tí a fi kọ́ ara ògiri, irun rẹ̀ ń wo ilẹ̀ kí omi lè ro dànù, orúkọ olówó rẹ̀ sì wà lára ìdí rẹ̀. Bàbá ní òun ò ní fi ohun tó kan ojú Lámọrín kan ojú Làkásègbè láéláé. Bí oníbàárà bá wọlé, kò ní jókòó títí á fi wo ògiri, tí á rí orúkọ ara rẹ̀. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n bá ti rí i, bí ẹni tó bá ọmọ rẹ̀ nílé.

Ó pẹ́ gan-an kí Bàbá tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ. Ọṣẹ ni mo ń po. Ara apá mi ni mo ń pò ó sí, títí tí irun apá mi fi tán. Bí mo bá rò pé ó ti dáa, màá gbé abọ́ lọ bá Bàbá. Bàbá á gbà á, á dojú rẹ̀ dé sórí mi. Ìfófó tó dáa kì í já bọ́. Tèmi máa ń já bọ́.

"Kí lo pe èyí?" bẹ́ẹ̀ ni Bàbá máa ń bi mí, ọṣẹ á ti máa ṣàn wọ ojú mi.

"Ìfófó ọṣẹ ni sà."

"Ẹ̀kọ mímu ni. Lọ fi ṣúgà sí i."

Kò ju ọwọ́ sí mi rí. Ẹnu rẹ̀ ló mú. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣàlàyé, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n dúró. Ó ní, "Dáyọ̀, búrọ́ọ̀ṣì kì í hó. Ọṣẹ ló ń hó. Irun tó wà lára búrọ́ọ̀ṣì ló ń sọ iye omi tí ọṣẹ máa mu. Bí o kò bá mọ irun, o ò lè mọ ọṣẹ."

Irú méjì ló wà lára ògiri wa nígbà náà. Èkínní ni irun ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní bájà, tó máa ń gbẹ́lẹ̀ bí òkété. Ó fẹ́lẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, o ò ní fẹ́ kó kúrò lójú rẹ. Ṣùgbọ́n ó ń fa omi pamọ́ bí tìmùtìmù, ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣubú nìyẹn. O rò pé o ti gbọn omi rẹ̀ dànù, omi ṣì wà nínú lọ́hùn-ún, á wá jáde lójijì, ọṣẹ á di omi, á sì ṣàn wọ ọrùn oníbàárà. Orí rẹ̀ tó rọ̀ yẹn, bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ líle, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀. O ní láti ní sùúrù fún un, kí o máa yí i lórí ọṣẹ títí á fi gbà. Èkejì ni irun ẹṣin. Ó gan ju ti bájà lọ, kì í fa omi tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń tètè gbé ọṣẹ. Òórùn rẹ̀ ni kò dáa tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á lọ.

Ìgbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ irun wo ni kí n fún ní omi, èwo ni kí n fi omi dù. Bàbá dojú abọ́ dé sórí mi lọ́jọ́ kan, nǹkan kan ò bọ́. Ó wo inú abọ́, ó wò mí, ó ní, "Ó pẹ́ kó o tó dé." Lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fún mi ní abẹ.

Ẹ wò ó, bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, ewu tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ewu tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti mọ iṣẹ́ tán.

Irùngbọ̀n àwa ènìyàn dúdú ká kókó. Bí a bá fá a tán, ẹnu irun á tún yí padà wọ inú awọ, ọrùn á sì sú kókó kéékèèké. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń ráhùn rẹ̀. Èmi náà ní in. Mo wá ń wá irun búrọ́ọ̀ṣì tó máa le tó láti gbé irùngbọ̀n dìde kí abẹ tó débẹ̀. Mo rí i. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Mo ra ọ̀kan, mo ń lò ó nílé ní Clinton fún ara mi. Níbẹ̀rẹ̀, nǹkan ìtìjú ni. O gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ sínú omi kó tó ṣeé lò, ó ń rùn, o sì lè po ọṣẹ tán kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló mu ìfófó náà tán. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lò ó lọ, ẹnu irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là, ó ń rọ̀, ìdí rẹ̀ sì ṣì le. Ó ń họ ọṣẹ líle bí ẹni ń rin gààrí. Ìfófó rẹ̀ ki, kò sì lómi nínú, ó ń di irùngbọ̀n mú ṣinṣin. Kókó ọrùn mi lọ sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo máa ń fọwọ́ pa ọrùn mi nínú mọ́tò bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Lákòókò náà ni Bàbá Ṣàkírù lọ sí Ìbàdàn nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó kú. Ó ní kí n mójú tó ṣọ́ọ̀bù. Mo ra púpọ̀ sí i nínú búrọ́ọ̀ṣì náà. Èmi fúnra mi ló lò wọ́n títí wọ́n fi rọ̀, mo bọ̀ wọ́n nínú oògùn apakòkòrò, mo kọ orúkọ sára wọn, mo sì fi wọ́n rọ́pò ti àwọn oníbàárà tí irùngbọ̀n wọn le. Púpọ̀ nínú wọn, mọ́ṣáláṣí kan náà ni àwọn àti Bàbá ń lọ.

Bí mo bá sọ pé mi ò ronú kàn án rárá, irọ́ ni. Mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ohun tó ń wọ ẹnu ni a mọ̀ sí èèwọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, èyí kì í ṣe ẹran, irun lásán ni, wọn ò kúkú ní jẹ ẹ́. Ohùn kékeré kan ní kí n bi wọ́n. Mo ní bí wọ́n bá rí bí ọrùn wọn ṣe ń jọ̀lọ̀, wọ́n á dúpẹ́. Mo gbé ohùn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Alhaji Rájí ni ọ̀rẹ́ Bàbá láti kékeré. Ìbàdàn ni wọ́n ti jọ bẹ̀rẹ̀, kí oníkálùkù tó wá ọ̀nà tirẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Fort Washington ló ń gbé, níbi tí èèyàn ti lè rí odò Potomac, ó sì máa ń wakọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kó tó lọ kírun. Ọkùnrin tó ga ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Kì í pa Jímọ̀ jẹ. Wọ́n ní ìgbà kan tí yìnyín bo ojú ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ní Jímọ̀ yẹn, mo ti pa ọṣẹ sí gbogbo ojú rẹ̀. Mi ò tíì gbé abẹ. Ó di ojú, ó ní, "Dáyọ̀, ọṣẹ yìí yàtọ̀. Ó dì mí mú dáadáa."

Mo fi ìgbéraga sọ ọ́. "Ọṣẹ ọjọ́sí náà ni sà. Irun ló yàtọ̀."

"Irun kí ni?"

"Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni, sà."

Ó la ojú. Kò pariwo. Ó wò mí nínú dígí, kì í ṣe ojúkojú. Ó ní, "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí Bàbá ti rìnrìn àjò, sà."

Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: gbogbo Jímọ̀ tó ti kí pẹ̀lú ojú yẹn. Ó ní, "Fún mi lómi." Ó fọ ojú, ó tún un fọ̀, ó tún un fọ̀. Mo na aṣọ ìnura sí i, kò gbà á. Ó fi apá agbádá ara rẹ̀ nu ojú, ó jáde. Ilé ló padà sí láti lọ wẹ̀. Nígbà tó fi máa dé Fort Washington kó tó tún padà, wọ́n ti kírun tán. Èmi ni mo mú kí Alhaji Rájí pa Jímọ̀ jẹ.

Bàbá Ṣàkírù dé. Wọ́n ti pè é lórí fóònù kí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ tó gbéra ní Èkó. Ó kó gbogbo búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jókòó tì wọ́n. Mo ti dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Ta ló ní kí o ṣe é?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo rò pé ó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ọrùn wọn..."

"Ọrùn wọn dáa. Wọ́n ti sọ fún mi." Ó gbé ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ irun rẹ̀ wò bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. "Mo bi Lémọ́mù. Ó ní ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò lórí ọ̀rọ̀ irun rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀gbin ni, àwọn kan ní kì í ṣe ẹ̀gbin bí ẹran rẹ̀."

Ara mi fúyẹ́. Mo ní, "Áà, Bàbá, ó lè jẹ́ pé kò burú nìyẹn."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. "Ìwọ lo máa sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Àgbà máa ń sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìwọ, olórí wà níwájú rẹ, ó jókòó sórí àga, o sì fá a bí ẹni pé kò sí níbẹ̀."

Mo tún dọ̀bálẹ̀.

Bàbá ra búrọ́ọ̀ṣì irun ẹṣin tuntun fún gbogbo wọn, ó sì gbé mi sínú mọ́tò. Ilé kọ̀ọ̀kan là ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀, òun á sì máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò bò ó, kò sì dín in kù. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Abájọ tí ìyàwó mi fi ní ojú mi ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Ẹ má sọ fún un o, á ní kí n tún lọ." Ọ̀kan gba búrọ́ọ̀ṣì, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀kan gbàdúrà fún mi, àdúrà yẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Alhaji Rájí ní ká wọlé. Ó fún wa lómi mu. Ó ní, "Mo ti dárí jì í." Òun àti Bàbá sọ̀rọ̀ ilé Ìbàdàn díẹ̀, a sì lọ. Ọ̀rẹ́ wọn kò bàjẹ́, wọ́n ṣì ń rí ara wọn ní mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n Alhaji ò tún jókòó sórí àga wa mọ́. Ó ń fá ojú ara rẹ̀ nílé. Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò tún gbé ojú rẹ̀ fún mi mọ́. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rọ́bà dé. Bàbá kọ́kọ́ ń pè é ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọ bàtà. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ yí padà. Irun rọ́bà kì í mu omi rárá. Bí o bá fún un lómi bíi ti bájà, gbogbo rẹ̀ á ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ. Dín omi kù, dín ọṣẹ kù, kí o tó ṣẹ́jú á ti hó. Kì í rùn, ó ń tètè gbẹ, o ò sì ní rẹ ẹ́ sínú omi kí o tó lò ó. Ìfófó rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ ju ti bájà lọ, ìyẹn nìkan ni mo lè fi bú u. Nígbà tó yá, òun ló pọ̀ jù lára ògiri. Ẹ̀rọ tó ń yọ ìfófó gbígbóná fúnra rẹ̀ náà dé, Bàbá ò jẹ́ kó wọlé. Ó ní ọṣẹ tí èèyàn ò pò, kò mọ ẹni tó fẹ́ kàn.

Láti ìgbà náà, ẹni tuntun ò jókòó kí n má kọ́kọ́ gbé irun dání níwájú rẹ̀. "Rọ́bà nìyí, sà. Ẹṣin nìyí. Bájà nìyí. Èwo lẹ fẹ́?" Àwọn kan máa ń bínú pé mo ń fi àkókò wọn ṣòfò. Kò dùn mí.

Bàbá Ṣàkírù dàgbà, ó padà sí Ìbàdàn, ó fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí: ọṣẹ tó ń mú kí irùngbọ̀n òyìnbó àti ti ènìyàn dúdú rọ̀, ó ń jẹ ọwọ́ ẹni tó ń pò ó. Awọ ìka ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo fi òrí pa á, mo fi ìbọ̀wọ́ bò ó, ó ń là sí i. Dókítà ní ara mi ti kọ ọṣẹ, kí n wá nǹkan mìíràn ṣe. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kan ojú òun. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mọ́tò ni mò ń wà báyìí, mò ń gbé àwọn arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ náà dáa, màá ní ó dáa. Ẹ kọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í tan ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìfófó ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó gbé ojú fún ọ ni iṣẹ́ náà.

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Kúdírá, ọmọ Alhaji Rájí obìnrin, pè mí. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá òun, ọwọ́ rẹ̀ ò lè di abẹ mú mọ́. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ wá láti fá a, Alhaji gbá ẹ̀rọ náà dànù.

"Brọ̀dá Dáyọ̀, wọ́n ní kí n pe ọmọ Bàbá Ṣàkírù. Mo ní Ṣàkírù wà ní Texas. Wọ́n ní kì í ṣe ìyẹn, èyí tó ń fárùngbọ̀n."

Mo kó búrọ́ọ̀ṣì tuntun, mo wakọ̀ lọ sí Fort Washington. Alhaji jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ ti wọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, irùngbọ̀n funfun ti bo àgbọ̀n rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo to àwọn búrọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Rọ́bà nìyí, sà. Ẹṣin nìyí. Tuntun ni wọ́n."

"Kó wọn kúrò."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà, ṣùgbọ́n ó yé mi. Mo rò pé ó lé mi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn padà sínú báàgì.

"Níbo lò ń lọ? Ṣé o ò lọ́wọ́ ni? Àbí ọwọ́ tìẹ náà, ẹlẹ́dẹ̀ ni?"

Kúdírá bo ẹnu. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbéra díẹ̀. Ọwọ́ lásán ló fẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń pa ọṣẹ sójú nílé nígbà tí wọn ò tíì mọ búrọ́ọ̀ṣì.

Mo lè ṣe é kí n má sọ nǹkan kan. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ tí mo wọ̀ wá, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀.

"Alhaji, ẹ kọ́kọ́ wò ó, sà. Ọwọ́ mi ti là. Ọṣẹ ló ṣe é. Bí mo bá fi po ọṣẹ, ẹ̀jẹ̀ lè kàn yín lójú. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀ lẹ tó máa mọ̀."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wo àwọn ibi tó là lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jù ú sílẹ̀. Ó mú ọwọ́ òsì. Ìyẹn ò là. Ọ̀tún ló ń po ọṣẹ láti ọjọ́ yìí, òsì kàn ń na awọ ojú fún abẹ ni.

"Fi èyí pò ó," ó ní.

Kúdírá ní, "Dádì, òsì ni o."

Èmi náà ní, "Bàbá, mi ò lè fi ọwọ́ òsì pa yín lójú, sà. Àgbà ni yín."

"Ta ló ni ojú?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"O bi mí, àbí o ò bi mí?"

"Mo bi yín, sà."

"Mo ti dá ọ lóhùn."

Mo wọ ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún fún abẹ. Mo ti òsì bọ omi, mo sì ń yí i lórí ọṣẹ. Ọwọ́ lásán kì í hó dáadáa, ọṣẹ kàn ń tẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí òrí ni, ó sì ń pẹ́. Alhaji ò kánjú. Nígbà tó tó, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó di ojú, mo sì fi òsì kàn án.